Ìwé ìpè dé láti Lọ́ńdọ̀nù: ṣé kí n yá owó lọ?

“Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti di ọdún méjì tí mo ti ń lo kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní Raspberry Pi, tí mo kó Kolibri, ètò ẹ̀kọ́ tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, sí, láti kọ́ àwọn ọmọ SS2 láìná dátà. Mo kọ ìròyìn iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí àpérò kan lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ẹ̀kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n fèsì pé wọ́n ti gbà á, pé kí n san £420 kó tó di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, kí wọ́n lè fi ìwé ìpè tí màá fi gba físà ránṣẹ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ṣe tán láti yá mi ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ náírà. Àbúrò ọkọ mi mọ ajẹ́ńtì kan tó ní òun á bá mi fi owó kún àkáǹtì kó lè dùn ún wò. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹni tó bá ti ní ìwé ìpè lọ́wọ́, físà ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn. Ṣé kí n yá owó yìí, àbí kí n gbàgbé rẹ̀?”

Arábìnrin mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó mú kálámù. Ẹ ti ṣe iṣẹ́ gidi, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò san owó rẹ̀ fún yín, àwọn kan lókè òkun sì wá sọ pé àwọn rí i. Ẹ̀rù ń bà yín pé bí ọjọ́ Ẹtì bá kọjá, ilẹ̀kùn náà á tì, kò sì ní ṣí mọ́. Mo mọ ìbẹ̀rù yẹn, ó ti ná mi lówó rí. Èsì mi ni pé kí ẹ má yá owó náà, kí ẹ má sì gbàgbé ìrìnàjò. Ẹ jẹ́ ká jọ tú u, torí ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló lọ́ mọ́ra wọn nínú lẹ́tà yín: ìwé ìpè, físà, owó, àti iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ yín sọ, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà á gbọ́. Ìwé ìpè kì í ṣe físà, kò sì bí físà. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ, pé ibì kan wà tí wọ́n ti ń retí yín. Kò sọ bóyá ẹ ó padà wálé, èyí sì ni ohun tó ń jẹ òṣìṣẹ́ físà lógún jù. Físà àlejò ti Ìlú Ọba, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Standard Visitor, fàyè gba àpérò dáadáa. Ó máa ń tó oṣù mẹ́fà. Ẹ lè jókòó gbọ́, ẹ lè dìde sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ wáṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Oṣù kẹrin 2025 ni wọ́n gbé owó rẹ̀ láti £115 sí £127, bí wọ́n bá sì fi físà dù yín lẹ́yìn tí wọ́n ti wo ìwé yín, owó náà ti lọ nìyẹn. Bó bá ku oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ ìrìnàjò lẹ ti lè bẹ̀rẹ̀, èsì sì máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ ìka. Ẹ wo ojú ìwé ìjọba wọn fúnra yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀, nítorí wọ́n máa ń yí iye yìí padà. Ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kí físà tó jáde, ẹnikẹ́ni tí ì báà sọ pé ó pọn dandan.

Yorùbá ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí òṣìṣẹ́ físà ń ṣe gan-an nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà kò ní rí yín sójú rárá, ìwé yín nìkan ni yóò kà. Yóò wo ọdún tí ẹ ti lò lẹ́nu iṣẹ́, ọkọ àti ọmọ tí ẹ fi sílẹ̀, lẹ́tà tí TESCOM, àjọ tó ń gba olùkọ́ girama síṣẹ́, fi yọ̀ǹda yín fún ọjọ́ mélòó, àti ọ̀nà tí owó fi ń wọlé tó fi ń jáde nínú àkáǹtì yín fún oṣù mẹ́fà. Bí ìgbé ayé yín nílé bá hàn kedere lórí ìwé, tó sì bá ìrìnàjò tí ẹ sọ mu, ó ti ran yín lọ́wọ́ ju ìwé ìpè mẹ́wàá lọ. Bí kò bá bára mu, ìwé ìpè láti ààfin kò ní gbà yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ rí irú ìpè yìí, sí orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù, owó oṣù mi kò tó ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà. Mo yá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo dà á sí àkáǹtì. Nígbà tó pé ọjọ́ kọkànlá, mo ní kí báńkì tẹ ìwé àkáǹtì mi jáde, mo kó o lọ. Ẹ wo bí ìwé náà ṣe rí: ojú ewé mẹ́rin gbáko tí owó oṣù ń wọlé lọ́jọ́ kẹẹ̀dọ́gbọ̀n tí kì í rí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ̀rún kan fún káàdì fóònù, ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Lójú ewé karùn-ún, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àpòòwé wọn dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Inú ọkọ̀ èrò, ní gáréèjì, ni mo ti fa á ya. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kò mọ ibi tí owó náà ti wá, pé kò bá owó tó ń wọlé fún mi mu, nítorí náà kò dá àwọn lójú pé màá padà. Inú bí mi gidigidi. Mo ní wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú mi ni. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé ohun tí ìwé mi sọ náà ni wọ́n kà. Ọdún méjì ni mo fi san gbèsè ìrìnàjò tí n kò lọ.

Ẹ ti rí ìdí tí mo fi ń bẹ̀rù mílíọ̀nù méjì àbọ̀ yẹn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti yá owó, ẹ sì lè fi ìwé ẹgbẹ́ tì í lẹ́yìn láti fi orísun rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n gbèsè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́rùn olùkọ́ tó ń lọ sókè òkun fún ọjọ́ mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìdí tí kò fi ní padà lójú ẹni tó ń ka ìwé rẹ̀. Owó tó dára jù nínú irú ìwé yìí ni owó tó ti ń gbé inú àkáǹtì yín tipẹ́, tàbí ti ẹni tó ní ìdí gúnmọ́ láti gbé ẹrù ìrìnàjò náà: àwọn tó pè yín, ilé ẹ̀kọ́, mọ̀lẹ́bí tó lè fi ìwé tirẹ̀ náà hàn. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tó máa gbà yín sílé, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kí ó kọ lẹ́tà, kí ó fi ìwé ilé rẹ̀ kún un. Àwọn kan máa ń fi mọ̀lẹ́bí pa mọ́, wọ́n rò pé yóò dà bí ẹni tó fẹ́ lọ tẹ̀dó. Bí wọ́n bá wá já a, ọ̀rọ̀ di irọ́.

Ní ti ajẹ́ńtì, mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ má jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ìwé yín. Owó tí wọ́n yá wọ àkáǹtì kí wọ́n tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì yọ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀tàn ni. Bí ó bá hàn pé ẹ fi èké tàbí ayédèrú ìwé wá físà, òfin Ìlú Ọba lè ti ilẹ̀kùn mọ́ yín fún ọdún mẹ́wàá. Kò sì parí síbẹ̀: Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà, Kánádà, Ọsirélíà àti New Zealand máa ń fi ìtẹ̀ka ara wọn wéra, fọ́ọ̀mù wọn sì máa ń béèrè bóyá wọ́n ti fi físà dù yín rí níbikíbi. Ajẹ́ńtì á gba owó rẹ̀, á lọ. Orúkọ yín ló wà lórí fọ́ọ̀mù, ẹ̀yin lẹ tẹ ìka. Ẹni tí wọ́n fi físà dù láìpurọ́ lè tún ìwé rẹ̀ ṣe kó tún wá a. Èmi náà tún un wá, mo sì rí i gbà. Ẹni tí wọ́n ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́ kò ní irú àǹfààní yẹn.

Àpérò tó pè yín yìí wá ńkọ́? N kò ní fi orúkọ burúkú pè é, nítorí n kò mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta yẹn kò fọkàn mi balẹ̀. Níbi tí àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ bá ti ń ka ìwé lóòótọ́, ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù ni wọ́n fi ń kà á, wọn a sì sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Ṣé wọ́n bi yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa iṣẹ́ yín? Ṣé wọ́n tilẹ̀ dárúkọ Kolibri nínú lẹ́tà wọn, àbí lẹ́tà tí ẹni tó kọ̀wé nípa oko ẹ̀gẹ́ náà lè gbà ni? Ẹ wá ètò àpérò ọdún tó kọjá, kí ẹ wo orúkọ àwọn tó sọ̀rọ̀, kí ẹ kọ̀wé sí ẹni kan nínú wọn. Ẹ wo bóyá gbọ̀ngàn tí wọ́n dárúkọ mọ̀ nípa wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan san irú owó yìí, ó sì rí físà gbà. Nígbà tó débẹ̀, yàrá kékeré kan nínú hòtẹ́ẹ̀lì ni, èèyàn mọ́kànlá ló jókòó síbẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀ ń ṣàlàyé nípa eegun ẹ̀yìn, ẹni tó tẹ̀ lé e sì ń sọ̀rọ̀ nípa sìmẹ́ńtì. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fún un ní sátífíkéètì, ó di ilé. Kò sí olùkọ́ kan níbẹ̀ tó lè bi í léèrè ohunkóhun.

Ẹ lè wá bi mí pé ṣé ó tọ́ kéèyàn rin irú ìrìn yìí rárá. Ó tọ́, bí ibi tí ẹ ń lọ bá jẹ́ ibi gidi. Mo ti wọ gbọ̀ngàn ExCeL ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù rí, níbi tí Bett, àpéjọ ńlá lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ fún ẹ̀kọ́, ti máa ń wáyé nínú oṣù kìn-ín-ní. Láti 1985 ni àpéjọ yẹn ti wà, Olympia ni wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó o lọ sí ExCeL ní 2013, olùkọ́ kì í sì í san owó ìwọlé. Ìsọ̀ lórí ìsọ̀ ni, bí ọjà Bódìjà lọ́jọ́ tó kún. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń fi tablet hàn mí, èyí tí ìdáhùn ọmọ kọ̀ọ̀kan ń dé ọwọ́ olùkọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo bi í pé, “Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ ńkọ́?” Ó ní, “Fún ìṣẹ́jú mélòó?” Mo ní, “Ọjọ́ mẹ́ta.” Ó gbé tablet náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Obìnrin náà mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí: ọmọ mélòó ló ń pín fóònù kan? Ta ló ń gba iná sí i, níbo? Bí òbí bá nílò fóònù rẹ̀ lọ́sàn-án, kí ni ẹ ń ṣe? A dúró síbẹ̀ bí ogójì ìṣẹ́jú. Gbogbo ohun tó ń kọ sílẹ̀, kíláàsì mi ni mo ti mọ̀ ọ́n, lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí bàtà wọn ti já.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má gbàgbé ìrìnàjò. Ohun tó ń mú kí òṣìṣẹ́ físà gbà pé ẹ ó padà, òun náà ló ń mú kí àwọn èèyàn níbẹ̀ fẹ́ gbọ́ yín: ilé tí ẹ ti ń bọ̀. Ìjọba Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní 2013, tablet tí wọ́n kó ìwé àti ìbéèrè ìdánwò sí fún àwọn ọmọ girama. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún kejì, ta ló ń tún un ṣe, báwo ni bátìrì rẹ̀ ṣe rí, olùkọ́ ló yẹ kó bi. Ní 2024, àwọn ọmọ girama ní Benin City fi Copilot, ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá ti Microsoft, kẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú olùkọ́ wọn lẹ́yìn ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Báńkì Àgbáyé gbé èsì rẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dé ibi púpọ̀ láyé. Wọ́n ń wá ohun tí ẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n kí n sòótọ́ fún yín: àpérò kò ní fi kún owó oṣù yín, púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lórí pèpéle lẹ lè gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Èèyàn tí ẹ bá bá pàdé ni èrè ibẹ̀, èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ jọ máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà. Mi ò rò pé ó yẹ kéèyàn fi gbèsè ọdún mẹ́ta ra ìyẹn.

Ẹ tún ro ti náírà. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là ní báńkì. Ní 2024 ó kọjá ₦1,500. Gbogbo ohun tí ẹ máa ná lọ́hùn-ún ló bá a gùn. £420 yẹn kò tíì kan bàálù, ibùsùn, oúnjẹ, ọkọ̀ ojú irin, àti aṣọ òtútù. Àwọn kan á sọ fún yín pé TETFund máa ń san irú owó yìí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n olùkọ́ yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ló wà fún, kò dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ girama. Ẹ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé ẹ̀kọ́ yín. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì olùkọ́ tọwọ́tẹsẹ̀, torí pé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wọn ni yóò hàn lára ògiri níbẹ̀.

Bí èmi bá wà ní ipò yín, ilẹ̀ Áfíríkà ni mo máa kọ́kọ́ wò. Addis Ababa ni eLearning Africa, àpérò ilẹ̀ Áfíríkà lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ẹ̀kọ́, ti bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ìlú dé ìlú ló sì ń lọ. Ní 2012, Kutọnu ló wà. Mo wọ ọkọ̀ ní Mile 2 láàárọ̀, mo gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá láìní físà kankan, nítorí ọmọ ECOWAS lè wọ orílẹ̀-èdè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ìyá tó ta ẹ̀kọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Yorùbá la jọ sọ. Olùkọ́ láti Kẹ́ńyà àti Sẹ̀nẹ̀gà tí wọ́n gbọ́ mi níbẹ̀ kò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí a ń pè ní àìsí iná. Ọ̀rọ̀ wa yára dé ibi tó ní láárí. Kigali ní Rùwáńdà gba àpérò náà ní 2024, Dar es Salaam ní 2025, Rùwáńdà sì ti kéde láti oṣù kọkànlá 2023 pé ọmọ Áfíríkà kò nílò físà láti wọlé. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìnàjò, kí ẹ sì tọ́jú káàdì rẹ̀. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan tó gbà á ti tó fún ọjọ́ ayé ẹni. Ìrìnàjò tí ẹ lọ tí ẹ sì padà bọ̀ yóò wà nínú ìwé ìrìnnà yín lọ́jọ́ tí ẹ bá wá físà Lọ́ńdọ̀nù, tàbí ti Jámánì fún OEB, àpérò irú rẹ̀ kan ní Bẹ̀líìnì, níbi tí físà ti di €90 láti oṣù kẹfà 2024, tí wọ́n sì ń béèrè ìbánigbófò ìrìnàjò tó tó €30,000.

Ibikíbi tí ẹ bá ń lọ, iṣẹ́ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ di lẹ́rù. Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ ń kọ ọjọ́ tí ẹ lo ẹ̀rọ náà sí, iye ọmọ tó wá, ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́ àti ìdí rẹ̀. Ẹ kọ máàkì ìdánwò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ kókó kan àti lẹ́yìn rẹ̀, títí kan èyí tí kò dára. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń gba ẹni tó sọ ìkùnà rẹ̀ gbọ́. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí kí ẹ tó gbé àwòrán ọmọ wọn lọ. Ẹ gbé Raspberry Pi náà dání nínú báàgì ọwọ́, pẹ̀lú fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta tó ti wà nínú fóònù, nítorí Wi-Fi àpérò náà máa ń já. Pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta tí a ń lò nílé ni wọ́n ń lò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ti Jámánì yàtọ̀.

Lónìí, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí àwọn tó pè yín. Ẹ ní olùkọ́ ìjọba ni yín, ẹ kò lè san £420. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè yọ̀ǹda owó náà, tàbí kí ẹ sọ̀rọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì bi wọ́n pé kí ni àwọn tó ka ìwé yín rí wí nípa rẹ̀. Àpérò gidi yóò dáhùn ìbéèrè kẹta yẹn, bí wọn kò tilẹ̀ lówó láti fún yín. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ Ẹtì àti nọ́ńbà àkáǹtì nìkan ni wọ́n tún fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì náà kọjá.